Físíò ni àbí yóga tó ń fi okùn fa ẹ̀yìn? Ìdáhùn fún aránṣọ kan ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, dókítà. Aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta, ọmọ ọdún 54. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìbàdí ti ń dùn mí, nígbà míì ó máa ń gba itan òsì lọ dé orúnkún. Mo ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ara, wọ́n ní dísìkì méjì láàárín eegun ẹ̀yìn mi ti wú jáde. Mo ń lọ sí físíò. Wọ́n ń tan iná sí mi lẹ́yìn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan ta mí lára. Ara á tù mí, ọjọ́ kejì ó tún dé. Ọmọ mi tó wà ní London ní ọ̀rẹ́ òun kan ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe yóga, tí wọ́n ń fi okùn àti bẹ́líìtì fa ẹ̀yìn, tí wọ́n tilẹ̀ ń gbé ènìyàn kọ́ ní ìdoríkodò, pé ó sàn ju físíò lọ. Ó fẹ́ san owó kí n máa lọ ṣe irú rẹ̀ ní Èkó. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èwo ni kí n mú? Aládùúgbò mi sì ń ta bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí ẹ̀yìn ò bá dùn rí kò lè mọ bó ṣe ń tán ènìyàn ní sùúrù. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kánjú: ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé yín kọ́ ní ìdoríkodò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lo oògùn sí ti tó láti pa apá yẹn tì, màá sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ sá fún yóga o. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbà pé físíò tí ẹ ń rí gbà báyìí ni odindi físíò.

Nínú físíò, apá kan wà tí wọ́n ń ṣe sí yín lára nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀: iná, ẹ̀rọ, ìfọwọ́ra. Apá kejì wà tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe: ẹ ń na ara, ẹ ń gbé ìdí sókè, ẹ ń rìn, ẹ ń kọ́ ẹ̀yìn àti ikùn ní agbára díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóga rí. Okùn tó ń fà yín wà níbẹ̀, ìdúró àti ìnara tí ẹ̀yin ń fi agbára yín ṣe náà wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ló ń tọ́ka sí ibì kan: ohun tí wọ́n ń ṣe sí yín lára ń mú ìtura wákàtí díẹ̀ wá, ohun tí ẹ̀yin ń ṣe ló ń yí ọdún padà. Nítorí náà, bí ẹ bá fi iná físíò wé okùn yóga, ẹ kàn ń yan irú ìtura tí ẹ fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fífà yẹn, torí òun ló wọ ọmọ yín lójú. Yóga kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti ń de ènìyàn mọ́ pákó, tí wọ́n ń fà á lókè àti nísàlẹ̀. Ní London gan-an, ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn, dókítà kan tó ń jẹ́ James Cyriax ní ilé ìwòsàn St Thomas' ló mú un gbajúmọ̀ láàárín àwa oníṣẹ́ físíò. Wọ́n á de ìgbànú kan mọ́ àyà, wọ́n á de òmíràn mọ́ ìbàdí, wọ́n á sì máa fa ọ̀kan kúrò lára èkejì. Àwa ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa ẹ̀yìn ènìyàn káàkiri ilé ìwòsàn. A kò gbọdọ̀ wá máa bú àwọn oníyóga pé wọ́n ń fi okùn fà á.

Èyí tí ọ̀rẹ́ ọmọ yín ń ṣe tan mọ́ ọ̀nà B.K.S. Iyengar, ará Íńdíà tí wọ́n bí ní 1918 ní Bellur, ìpínlẹ̀ Karnataka. Àìsàn ò fi í sílẹ̀ ní kékeré, ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá mú un. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, T. Krishnamacharya, ló kọ́ ọ ní yóga ní Mysore. Ó kó lọ sí ìlú Pune ní 1937, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ni títí ó fi kú ní 2014. Okùn tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, àga, bẹ́líìtì, ìrọ̀rí, pátákó ìfọwọ́tì: òun ló mú kí wọ́n di irinṣẹ́ yóga, kí àgbàlagbà àti aláìlera lè ṣe ohun tí ara wọn ò lè dá ṣe. Ní 1952 ló pàdé Yehudi Menuhin, gbajúmọ̀ tó ń ta fáólínì, ẹni yẹn ló mú un wá sí Yúróòpù, orúkọ rẹ̀ sì tàn dé London. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọkùnrin yìí gan-an. Pé kí wọ́n fi àga àti ìrọ̀rí gbé ara tó ti rẹ̀ ró, kí ó lè kópa, ọgbọ́n ńlá ni, àwa oníṣẹ́ físíò pàápàá lè kọ́ nínú rẹ̀.

Kí ni fífà ń ṣe nínú ara? Láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì ni dísìkì wà, ohun rírọ̀ tó le léteetí, tó ń gba ìwúwo ara dúró. Bí a bá fa ẹ̀yìn, àlàfo àárín eegun á ṣí díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìlímítà ni. Ìfúnpá inú dísìkì á dínkù, iṣan ìmọ̀lára tó bá há á rí àyè díẹ̀, ẹran ara tó ti le gbagidi á dẹ̀. Ìtura tí ènìyàn ń rí lórí okùn, òótọ́ ni. Àmọ́ bí ẹ bá ti dìde dúró, ìwúwo orí, apá àti àyà yín á tún gúnlẹ̀ sórí dísìkì kan náà, àlàfo á sì padà sí bó ṣe wà. Ẹ wá fi ìrìn àjò kún un. Láti Abẹ́òkúta dé Èkó, ká fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kún un, wákàtí mélòó ni ẹ óò jókòó lọ, mélòó ni ẹ óò jókòó bọ̀? Kí ẹ tó délé, ohun tí okùn ṣí ti padé, ìbàdí yín á sì ti le ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ.

Ẹ̀rí tí a ní bá èyí mu. Cochrane jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń kó ìwádìí jọ láti gbogbo àgbáyé, tí wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ohun tó dájú. Ní 2013 wọ́n kó ìwádìí 32 jọ lórí fífa ẹ̀yìn, ènìyàn 2,762 ló wà nínú wọn. Yálà wọ́n fà á nìkan ni o, tàbí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìtọ́jú mìíràn, ìyàtọ̀ tó mú bá ìrora kéré tàbí kí ó má sí rárá, kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. NICE, àjọ tó ń sọ fún ilé ìwòsàn ìjọba ní England ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, kọ ọ́ ní 2016 pé kí wọ́n má fa ẹ̀yìn fún ìrora ìbàdí mọ́, kódà bí ìrora bá ń gba ẹsẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí ìrora ìbàdí tó pẹ́ lára, wọ́n ka fífà mọ́ àwọn ohun tí wọn kò dámọ̀ràn. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ, ìwúwo tàbí ọwọ́ ni wọ́n fi fà á nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyẹn, kì í ṣe okùn yóga. Ṣùgbọ́n bákan náà ni fífà ń ṣe sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹni tó bá ní tòun yàtọ̀ ni kó mú ẹ̀rí wá.

(Ọrùn ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014, tí ènìyàn 86 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé fífi ẹ̀rọ fa ọrùn pẹ̀lú eré ìdárayá lè ran ẹni tí ìrora ọrùn rẹ̀ ń gba apá lọ lọ́wọ́. Ẹ má gba ti ọrùn fi dá ẹjọ́ ìbàdí.)

Ó kan àwa oníṣẹ́ físíò báyìí, mo sì fẹ́ sọ òótọ́. Iná tí wọ́n ń tàn sí yín lẹ́yìn àti ẹ̀rọ tó ń ta wíríwírí lára yín, ọmọ ìyá okùn yóga ni wọ́n. Ìlànà NICE ti 2016 yẹn kan náà ní kí wọ́n má lo irú ẹ̀rọ oníná yẹn fún ìrora ìbàdí. Èrò pọ̀, oníṣẹ́ físíò ò tó, iná sì ń jẹ́ kí ẹni kan lè tọ́jú ènìyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Àwọn aláìsàn pẹ̀lú máa ń fẹ́ rí ẹ̀rọ. Bí a bá kọ́ wọn ní eré ìdárayá nìkan, wọ́n á ní a ò ṣe nǹkan kan fún àwọn. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí nílé. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ físíò ní ìpele dìgírì, wọ́n ń kọ́ ọ ní Ifẹ̀ àti ní Èkó. Oníṣẹ́ físíò tó bá fi 30 ìṣẹ́jú bá yín sọ̀rọ̀, tó wo bí ẹ ṣe ń jókòó, bí ẹ ṣe ń dìde, bí ẹsẹ̀ yín ṣe lágbára tó, tó sì kọ́ yín ní ohun mẹ́ta tí ẹ óò máa ṣe nílé, ìtọ́jú nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ kàn sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, iná yìí ti tó, ohun tí màá máa ṣe fúnra mi ni kí ẹ kọ́ mi." Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá lọ, kí ẹ rí i dájú pé ẹni tí yóò tọ́jú yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ tí òfin Nàìjíríà gbé iṣẹ́ wa lé lọ́wọ́. Olùkọ́ yóga kò sí lábẹ́ àjọ yẹn, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣèwádìí lórí tirẹ̀.

Tí a bá wá fi físíò tó péye wé yóga tó péye ńkọ́? Ìwádìí kan wà lórí èyí tí mo fẹ́ràn púpọ̀, torí pé ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n fi ṣe é. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 320 jọ tí ẹ̀yìn ti ń dùn pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lówó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Wọ́n fún àwọn kan ní kíláàsì yóga lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n fún àwọn kan ní físíò ní ẹ̀ẹ̀ 15 láàárín ọ̀sẹ̀ 12 kan náà. Ìwé ìlànà ni wọ́n fún àwọn ìyókù kí wọ́n máa kà. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017, yóga kò rẹ̀yìn sí físíò, ì báà ṣe ní dídín ìrora kù tàbí ní bí ènìyàn ṣe ń lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe yóga àti àwọn tó ṣe físíò ń lo oògùn ìrora dínkù ju àwọn tó gba ìwé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: yóga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe lórí ẹní ni o, pẹ̀lú mímí àti ìsinmi, wọn ò gbé ẹnì kankan kọ́ sórí okùn. Ní ọdún 2011, ìwádìí mìíràn ní agbègbè Seattle fi yóga wé kíláàsì ìnara lásán, ènìyàn 228 ló kópa. Ọgbọọgba ni wọ́n já sí. Cochrane náà kó ìwádìí 249 jọ ní 2021 lórí eré ìdárayá fún ìrora ìbàdí tó pẹ́, ó sì hàn pé ẹni tó ń ṣe é sàn ju ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lọ. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ àárín irú kan sí irú kejì kò tó ìyàtọ̀ àárín ṣíṣe àti àìṣe. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ ọmọ yín kò parọ́ pé yóga ran òun lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ohun tó ń ṣe nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kọ́ ló ń wò ó sàn, kí ó sì máa fi ọpẹ́ rẹ̀ fún okùn.

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí MRI yẹn, torí mo mọ bí "dísìkì ti wú jáde" ṣe máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Àwọn onímọ̀ kó àwòrán ènìyàn 3,110 jọ tí ẹ̀yìn ò dùn rárá. Nínú 100 àwọn tó jẹ́ ẹni 50 ọdún, nǹkan bí 60 ni dísìkì wọn wú jáde, wọn ò sì mọ̀, wọ́n ń jó lóde àríyá. Àmì ọjọ́ orí ni lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, bíi ewú. Kódà dísìkì tó yọ jáde gan-an, tó ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara máa ń jẹ padà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé egungun yín ti kúrò níbi tó wà, pé okùn òun ló máa dá a padà, ohun tí ara ò rí bẹ́ẹ̀ ló ń sọ. Ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá síni lára tilẹ̀ ń mú ìrora pọ̀ sí i. Ìrora tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta máa ń sọ iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ di ẹni tó ń tètè pariwo. Ohun tí kò tó nǹkan, wọ́n á kà á sí ewu. Àìsùn ń bù kún un, àníyàn ń bù kún un. Ẹ̀yìn náà wá ń le nítorí pé a ò lò ó. Láti borí èyí, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí i lójoojúmọ́ pé òun lè tẹ̀, òun lè gbé nǹkan, kí ohun búburú kankan má ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdoríkodò tí mo ṣèlérí rẹ̀ nìyí. Bí orí bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ga sí i nínú orí. Ìfúnpá inú ojú náà ń ga. Wọ́n wọn ojú àwọn tó ń fi orí dúró nínú yóga, ìfúnpá ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àìsàn ojú tí à ń pè ní glaucoma, tó ń jí ìríran gbé láìdùn ènìyàn, ó pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ju àwọn mìíràn lọ, ọ̀pọ̀ tó ní i kò sì mọ̀ pé òun ní i. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, glaucoma, tàbí ẹni tí rọpá-rọsẹ̀ ti bá wí rí, àti aboyún, kí wọ́n má sún mọ́ ìdoríkodò. Èmi ò ní gbà á fún ìyá mi.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí á máa wò ó pé ṣé yóga kì í ṣe ẹ̀sìn. Inú ẹ̀sìn àti ọgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ló ti jáde, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìnara inú rẹ̀ kò bèèrè pé kí ẹ gba ohunkóhun gbọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ sí i, kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú ìnara wọ̀nyẹn ni a ń kọ́ni ní físíò láìpe orúkọ yóga sí i.

Ní báyìí, ohun tí màá ṣe bí mo bá wà ní ipò yín. Ìtura fífà tí ọmọ yín fẹ́ ra fún yín, ẹ ti ní i ní ṣọ́ọ̀bù: tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, kí ẹ máa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí apá yín á fi nà tán tí ẹ̀yìn yín á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ rọ orúnkún díẹ̀. Kí orí wà láàárín apá méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ó sọ kalẹ̀. Ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ìró fà yín ní ìbàdí. Ẹ mí wọlé, ẹ mí jáde ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìkánjú, ẹ rìn padà síwájú, ẹ dìde díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Iyengar ń ṣe é pẹ̀lú ògiri tàbí àga. Ẹ máa ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dìde nídìí maṣíìnì, kí ẹ sì máa dìde ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìjókòó fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹ̀yìn yín lára, ìjókòó tí kò yí padà láti àárọ̀ títí dìgbà tí oníbàárà yóò wá gba aṣọ ọdún rẹ̀ ni. Bí òòyì bá kọ́ yín nígbà tí ẹ dìde, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sọ fún dókítà tó ń fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Láàárọ̀, kí ẹ tó wẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ẹ mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ fọwọ́ tilẹ̀, ẹ gbé àárín ẹ̀yìn sókè, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀ wálẹ̀, pẹ̀lú mímí. Bí èyí bá ti rọrùn, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀. Kí ẹ máa rìn pẹ̀lú, 10 ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi tó 30. Nígbà tó bá ti tó oṣù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbé garawa tí omi rẹ̀ kò kún, pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, kí ẹ máa bù kún omi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi apá yìí sílẹ̀, òun sì ni mo kà sí jù. Ẹ̀yìn tí a kò jẹ́ kó gbé nǹkan kò ní mọ̀ ọ́n gbé.

Yóò dùn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìrora bá lé díẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ń bá a lọ. Bí ó bá le títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ má pa á tì. Kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ẹ tó dájọ́. Ẹ má fi bí ó ṣe ń dùn lójoojúmọ́ nìkan wọ̀n ọ́n. Ẹ wò ó bóyá ẹ ti ń lè kúnlẹ̀ kí àgbà kí ẹ sì dìde láìdi nǹkan mú, bóyá ẹ lè jókòó rán bùbá kan tán. Ìwé ìbéèrè kan tó ń jẹ́ Roland-Morris wà tí a fi ń wọn irú èyí, ìbéèrè 24 ni, àwọn onímọ̀ físíò wa ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ ní kí wọ́n fi wọ̀n yín ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Owó ọmọ yín, ẹ fi san ìpàdé bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ̀lú oníṣẹ́ físíò tó máa kọ́ yín, tó sì máa wò ó bóyá ẹ ń ṣe é bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí kíláàsì yóga kékeré ní Abẹ́òkúta, tí olùkọ́ ń wo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ ríru" tó yí ètò rẹ̀ padà nítorí yín, ẹ lọ, ó dára. Bí ó bá ní kò sí ohun tí okùn òun kò lè wò, ẹ padà sílé. Mo gbà pé kíláàsì dára ju ìdánìkanṣe lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ ń jẹ́ ká má jáwọ́.

Àwọn àmì kan wà tí kò fàyè gba físíò tàbí yóga, ilé ìwòsàn tààrà ni: bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń dá jáde tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ láti wá, bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ kan bá ń fà tàbí tí kò lágbára mọ́, bí ibà, òógùn òru àti rírù bá bá ìrora rìn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ inú eegun ẹ̀yìn nílẹ̀ wa. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti prostate máa ń lọ síbẹ̀. Ẹ ò sọ pé ẹ ní ọ̀kankan, inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹni tó bá ní wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fà á rárá.

Ẹ ò dárúkọ oògùn ìrora, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí aránṣọ tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ọdún mẹ́rin tí kì í lo diclofenac tàbí ibuprofen. Méjèèjì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá sọ wọ́n di oúnjẹ. Ẹ sọ fún dókítà yín iye tí ẹ ń lò, bí ẹ bá sì ń mu agbo, ẹ má fi pamọ́ fún un.

Bẹ́líìtì aládùúgbò yín, ẹ má rà á. Ìlànà WHO ti 2023 yẹn kò dámọ̀ràn rẹ̀ fún ìrora ìbàdí tó pẹ́, èmi náà kì í fún ènìyàn. Ẹ fi owó rẹ̀ ra àga tó ní ìfẹ̀yìntì, tí ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀ dáadáa bí ẹ bá jókòó sórí rẹ̀, tí ẹ ò sì ní máa tẹ̀ ba orí maṣíìnì. Bí àpótí tí kò ní ẹ̀yìn ni ẹ ń jókòó lé lórí di òní, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.